Àkọhàn Lójú Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán: Àbá Lórí Orúkọ àti Ìlò Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Orúkọ tí Yorùbá fún tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, sọ iṣẹ́ méjì tí ẹ̀rọ náà ń ṣe: ó ń mú ohùn wá, ó sì ń mú àwòrán wá. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ni ẹ̀rọ yìí ti wà láàrin wa. Ṣùgbọ́n fún adití, àti fún àgbà tí etí rẹ̀ ti wúwo, ìdajì orúkọ yìí nìkan ni ó jẹ́ òtítọ́. Àwòrán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; ohùn kò dé.

Ọ̀nà tí a gbà ń ṣe àtúnṣe sí èyí ni kí a kọ ohun tí etí ìbá gbọ́ sí ojú ẹ̀rọ, kí ojú lè kà á. Ohun tí a kọ báyìí, tí òǹwòran lè mú jáde tàbí kí ó mú kúrò bí ó bá ti wù ú, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní closed captions. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní, a óò ṣàlàyé ní ṣókí bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Èkejì, a óò dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀kẹta, a óò wo àwọn ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún nígbà tí èdè Yorùbá gan-an bá jẹ́ èdè tí a kọ sójú ẹ̀rọ. Èrò wa ni pé fífi ìró hàn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, àti pé nínú èdè olóhùn bíi tiwa, ọ̀rọ̀ tí a kọ láìsí àmì ohùn kò tíì fi ìró hàn.

2.0 Bí Ètò Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ WGBH ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà gbé ètò ìdáná Julia Child tí ń jẹ́ The French Chef jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú àwòrán. Ọ̀rọ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ àwòrán. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ ń rí i, ẹni tí kò fẹ́ ẹ náà ń rí i. Àwọn tí etí wọn gbọ́ràn lè ka èyí sí ìdíwọ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ìgbì tí ń gbé àwòrán, tí kò fi ní hàn àfi sí ẹni tí ó bá pè é.

Nínú ètò àwòrán Amẹ́ríkà nígbà náà, ìlà 525 ni a fi ń ya àwòrán kan, àwòrán bí 30 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe gbogbo ìlà wọ̀nyí ni ó ń hàn sójú ẹ̀rọ. Díẹ̀ nínú wọn ń kọjá kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà 21, tí ó wà lára àwọn tí kì í hàn, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìlà yìí lè gbé létà méjì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, bí létà 60 ni ó lè gbé kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dìkódà ni yóò tú àwọn létà náà, tí yóò sì tò wọ́n sí ojú ẹ̀rọ, ìlà mẹ́rin ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, létà 32 nínú ìlà kan.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1980 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ABC, NBC àti PBS bẹ̀rẹ̀ sí gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde déédéé. National Captioning Institute, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, ni ó ń pèsè ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òǹwòran ní láti ra dìkódà lọ́tọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1990 ni ó yí èyí padà: láti oṣù Keje ọdún 1993, gbogbo tẹlifíṣọ̀n tuntun tí ojú rẹ̀ bá tó ínǹṣì 13, tí a ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ ní agbára ìtú yìí nínú ara rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ètò Ceefax tí BBC dá sílẹ̀ ní 1974 ń fi ojú-ìwé ìròyìn pamọ́ sínú ìgbì àwòrán bákan náà, wọ́n sì ya ojú-ìwé 888 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ń bá ètò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò tẹ 888, ọ̀rọ̀ yóò sì yọ. Ceefax parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 2012; ètò onídíjítà ni ó rọ́pò rẹ̀. Bí ó ti wù kí ọ̀nà náà yàtọ̀ tó, ohun kan ni ó so wọ́n pọ̀: ọ̀rọ̀ wà nínú ìgbì ṣáájú kí òǹwòran tó pè é.

3.0 Orúkọ Tí Ó Yẹ Kí A Fún Un

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà wá orúkọ fún ohun tuntun yìí: kí a túmọ̀ orúkọ àjèjì, kí a yá a lò, tàbí kí a ṣẹ̀dá tiwa.

3.1 Ìtumọ̀ tààrà

Bí a bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tààrà, a óò ní ‘àkọlé títì’ tàbí ‘àkọlé pípadé’. Àléébù méjì ni ó wà níbẹ̀. Àkọlé ni orúkọ tí a kọ sí orí ìwé tàbí sí orí àròkọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ jáde lẹ́nu. Léèkejì, ohun tí a tì tàbí tí a pa dé jẹ́ ohun tí a kò fẹ́ kí ẹlòmíràn dé. Adití tí ó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ wà ní ‘títì’ lè rò pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun ni. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni a ṣe ohun náà fún. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú ìgbì ni Gẹ̀ẹ́sì wò kí ó tó sọ orúkọ tirẹ̀. Ohun tí òǹwòran lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ni àwa fẹ́ kí orúkọ tiwa sọ.

3.2 Àyálò

A kò kórìíra ọ̀rọ̀-àyálò. Dìkódà àti rìmóòtù ti di ọ̀rọ̀ ilé gbogbo, kò sì sí ìdí tí a ó fi wá òmíràn rọ́pò wọn nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn onífíìmù náà a sì máa sọ pé ‘sọbutáítù’. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ sí èdè mìíràn ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí pè. Ó ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àkọsílẹ̀ ìró tí a ṣe fún adití, kí a má sì da ohun méjèèjì pọ̀.

3.3 Ìṣẹ̀dá

Ọ̀rọ̀ tí a dábàá ni àkọhàn. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi mọ́ àpólà-ìṣe kọ hàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ní àfihàn láti ara fi hàn, àti àkọsílẹ̀ láti ara kọ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí a kọ kí ó lè hàn. Ẹnìkan lè sọ pé kọ tí ó wà nínú kọ orin náà lè bọ́ sí i lọ́kàn. A gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n hàn tí ó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé ohun tí ojú ń rí ni à ń sọ, bí kò ti sí ẹni tí ń ṣi àkọsílẹ̀ gbọ́ fún orin. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì ṣeé so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìbéèrè méjì ni a gbọ́dọ̀ bi gbogbo àkọhàn. Èkíní ni pé kí ni ó kọ? Bí ó bá kọ gbogbo ohun tí etí ń gbọ́ nínú ètò náà, ní èdè tí a fi sọ ọ́, àkọhàn ìró ni. Bí ó bá gbé ọ̀rọ̀ náà sí èdè mìíràn, àkọhàn ìtumọ̀ ni. Ìbéèrè kejì ni pé báwo ni ó ṣe wà lójú ẹ̀rọ? Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ àwòrán tí kò ṣeé mú kúrò, àkọhàn àlẹ̀mọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá pè é ni ó ń yọ, àkọhàn ajẹ́pè ni. Ẹni tí a pè tí ó dáhùn ni a ń sọ pé ó jẹ́ ìpè. Ohun tí òǹwòran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà tí ó ń tẹ 888 nìyẹn.

Àǹfààní ìpín yìí hàn bí a bá wo àwọn fíìmù Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Àkọhàn ìtumọ̀ ni èyí, ó sì wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìyá àgbà kan yẹ̀ wò, tí ó ń ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀ láràárọ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí etí rẹ̀ sì ti ń di. Ó jókòó síwájú fíìmù tí a fi èdè abínibí rẹ̀ ṣe, ó rí ọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ, kò sì lè kà á. Bí a bá ń pe gbogbo rẹ̀ ní sọbutáítù, a óò wí pé fíìmù náà ti ní i, kò sì sí ohun tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ó ní àkọhàn ìtumọ̀, tí kò ní àkọhàn ìró, a ti mọ ohun tí ìyá náà ṣe aláìní.

4.0 Àwọn Ìṣòro Àkọhàn Ìró ní Èdè Yorùbá

4.1 Àmì ohùn

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn kan tí a kọ sójú ẹ̀rọ láìsí àmì: Oko mi da? Ọ̀nà mẹ́rin, ó kéré tán, ni a lè gbà kà á:

(1) Oko mi dà?
(2) Ọkọ mi dà?
(3) Ọkọ̀ mi dà?
(4) Ọkọ́ mi dà?

Bí obìnrin kan bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà nínú àwòrán, tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, tí ó ń wo ọ̀tún wo òsì, àwòrán kò lè sọ fún wa bóyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń retí ni tàbí ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ẹni tí ó gbọ́ràn kò ní ìṣòro. Ohùn obìnrin náà ti là á yé e, bí àkọhàn tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí a torí rẹ̀ kọ ọ́ ni kò ní ohùn kankan tí yóò fi tún un ṣe. Ìwé ìròyìn tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ ń fi ara ti ìmọ̀ òǹkàwé. Àkọhàn ìró kò ní ẹ̀tọ́ sí irú ìfarati bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn gan-an ni a rán an láti jẹ́.

Nígbà kan, ẹ̀rọ ni ó fa ìṣòro yìí. Ètò ìlà 21 ń lo bíìtì 7 fún létà kọ̀ọ̀kan, ìkẹjọ sì wà fún ṣíṣàyẹ̀wò àṣìṣe. Wọ́n fi létà èdè Spéènì, Faransé, Potogí àti Jámánì kún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú rẹ̀. Ìdènà yẹn ti dín kù. Nínú ìlànà DVB tí Yúróòpù gbé kalẹ̀, tí Nàìjíríà náà yàn fún ìyípadà sí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ onídíjítà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Jos ní 2016, a lè fi àkọhàn ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Ohunkóhun tí ọwọ́ bá lè kọ ni àwòrán lè gbé. Nínú ètò Unicode pẹ̀lú, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Bí ó bá di ẹ́ tàbí ọ̀, àmì méjì ni a óò so pọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a yẹ lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò wò, kí àmì ohùn má baà ṣí kúrò lórí ọ̀rọ̀. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tí ó ṣeé ṣe. A kò lè fi ẹ̀rọ ṣe àwáwí mọ́.

4.2 Ìlù tí ń sọ̀rọ̀

Nínú àkọhàn Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń fi ìró tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sí inú àkámọ́ pẹ̀lú àlàyé díẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà yìí láìronú, nígbàkigbà tí dùndún tàbí gángan bá dún, ohun tí a ó kọ ni [ìlù ń dún]. Ṣùgbọ́n onílù lè máa ki ẹnìkan, ó sì lè máa bú ẹnìkan. Àwọn tó wà lóde ariya ti gbọ́, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Adití nìkan ni kò mọ ìdí ẹ̀rín. Àbá wa ni pé kí a kọ orúkọ ìlù náà sínú àkámọ́, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó sọ tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí a óò ti ṣe fún ènìyàn:

[Gángan] Ẹ kú àbọ̀.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ìlù ń sọ, tí kì í pe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, gbólóhùn tí ohùn wọn bára mu lè ju ẹyọ kan lọ. Akọ̀wé-àkọhàn kò gbọdọ̀ méfò. Kí ó bi onílù.

4.3 Ọ̀rọ̀ afarawé ìró

Níhìn-ín ni Yorùbá ti ní ọrọ̀. Ibi tí èdè mìíràn nílò àlàyé gígùn, a ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ irú ìró náà, bí ó ti wúwo tó àti bí ó ti pẹ́ tó: [ó ṣubú gbì], [aṣọ ya fàà], [òjò ń rọ̀ wàà], [ìbọn dún gbàù]. Kò yẹ kí akọ̀wé-àkọhàn kọ [ariwo] níbi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

4.4 Ìwọ̀n ìyára

Àkọhàn gbọ́dọ̀ dúró tó àkókò tí a fi lè kà á. Ọ̀rọ̀ 160 sí 180 ní ìṣẹ́jú kan ni ìlànà BBC dámọ̀ràn. A kò lè gbé òǹkà yìí wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn Ó ti ń lọ sí ọjà ní ọ̀rọ̀ 6 àti sílébù 7. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni amóhùnmáwòrán, ó sì ní sílébù 6. Ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yóò fi àkókò ṣòfò lórí èkíní, yóò sì fi ìkejì du òǹkàwé. Sílébù ni ó yẹ kí a máa kà, nítorí pé sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀ tí ojú gbọ́dọ̀ rí. Bí olùsọ̀rọ̀ bá sì pa fáwẹ̀lì jẹ, tí ó ní Ó ti ń lọ sọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni kí a kọ ọ́.

5.0 Bí Òǹwòran Yóò Ṣe Pe Àkọhàn

Ẹ̀kọ́ ìlò rẹ̀ kò gùn. Kí òǹwòran wo rìmóòtù. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, bọ́tìnì kan wà tí a kọ CC tàbí SUBTITLE sí lára. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, àkọhàn yóò yọ. Bí ó bá tún un tẹ̀, yóò lọ. Bí bọ́tìnì náà kò bá sí, inú ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀rọ ni kí ó wọ̀ láti wá a, kí ó sì yan èdè tí ó fẹ́ bí èdè bá ju ẹyọ kan lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onídíjítà, ó tún lè sọ létà di ńlá tàbí kí ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún àgbà tí ojú àti etí rẹ̀ jọ ń rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó máa ń da ènìyàn láàmú. Bí ó bá jẹ́ pé dìkódà ni ó ń gbé àwòrán wọ inú tẹlifíṣọ̀n láti ara okùn HDMI, rìmóòtù dìkódà ni kí a fi pe àkọhàn, nítorí pé dìkódà ni ó ń tú u. Ẹni tí ó bá ń tẹ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n nígbà náà ń pe ẹni tí kò sí nílé. Bí a bá sì ti ṣe gbogbo èyí tí nǹkan kò yọ, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ètò náà jáde má fi àkọhàn sí i. Ẹ̀bi òǹwòran kọ́ nìyẹn.

6.0 Àkójọ Ọ̀rọ̀ Tí A Dábàá

Àkọhàn: ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú àwòrán kí òǹwòran lè ka ohun tí ń lọ.
Àkọhàn ìró: èyí tí ó kọ gbogbo ìró ètò, ní èdè tí a fi sọ ọ́.
Àkọhàn ìtumọ̀: èyí tí ó gbé ọ̀rọ̀ ètò sí èdè mìíràn.
Àkọhàn àlẹ̀mọ́: èyí tí kò ṣeé mú kúrò lójú àwòrán.
Àkọhàn ajẹ́pè: èyí tí ń yọ nígbà tí òǹwòran bá pè é.
Àkọhàn àpèsèsílẹ̀: èyí tí a ti kọ kí ètò tó jáde.
Àkọhàn ojú-ẹsẹ̀: èyí tí a ń kọ bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu, bí i ti ìròyìn.
Àlàyé ìró: ohun tí a kọ sínú àkámọ́ láti sọ irú ìró tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.
Akọ̀wé-àkọhàn: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ àkọhàn.

7.0 Ìkádìí

A ti rí i pé orúkọ tí a bá fún ohun kan lè jẹ́ kí a rí ohun tí ó kù tí a kò tíì ṣe. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi kọ́ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe fún àwọn tí ń gbé àwòrán àti ohùn jáde. Nígbà tí ó jẹ́ pé ní 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá dù wọ́n, kò yẹ kí onífíìmù tàbí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sọ pé òun kò mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun.

Àbá ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá ní èyí tí ó sàn ju ajẹ́pè lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n orí àmì ohùn, a kò rò pé àyè ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú àìbìkítà wà. Àkọhàn Yorùbá tí kò ní àmì ohùn ti mú létà wá, kò mú ohùn wá. Ẹ̀rọ tí ó wà níwájú adití kò sì tíì di amóhùnmáwòrán.